Rédíò Tó Kù Lórí Pẹpẹ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ọ̀gá Rédíò ṣe lágídí tó, ìyàwó rẹ̀ ni kó lọ bi. Òun ló ti ń bá a gbé láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú bíi kóró iṣin, títí di ìsinsìnyí tí kò sí irun tí a ó máa jiyàn àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Obìnrin náà á ní kì í ṣe pé ọkọ òun burú. Ó kàn jẹ́ pé bó bá ti gba nǹkan kan gbọ́, kódà bí ilé ń jó, á kọ́kọ́ parí ohun tó ń ṣe kó tó wá omi.

Ilé tí wọ́n ń gbé kì í ṣe tiwọn, ayálégbé ni wọ́n. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú ilé ìdáná tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ lẹ́yìn, àti yàrá kan níwájú tó kọjú sí títì. Yàrá iwájú yìí ni Ọ̀gá Rédíò fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ní kété tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ dá a sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà náà, ara rẹ̀ ń yá gágá. Ó gbéra, ó di ọ́fíìsì iná, ó ní kí wọ́n kọ mítà ilé náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti ṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ kìlọ̀ fún un pé owó iná ṣọ́ọ̀bù ga ju ti ilé gbígbé lọ, pé ẹni tó bá ń sùn nínú ilé kan náà lè kàn sọ pé ilé ni. Ọ̀gá Rédíò ní rárá o. Ṣé òun á kọ́ṣẹ́ tán, òun á wá máa san owó iná bí ẹni tó jókòó sílé lásán? Nígbà tí ìwé iná àkọ́kọ́ dé, tí wọ́n kọ "ṣọ́ọ̀bù" gàdàgbà sórí rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bí ẹni lẹ fọ́tò ìgbéyàwó.

Ká má parọ́, ayé ìgbà náà dùn. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, yàrá iwájú yẹn kì í gba èrò. Àwọn tó gbé rédíò wá á wá, àwọn tí kò gbé nǹkan kan wá náà á wá. Káfíńtà, birikìlà, awakọ̀ tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, gbogbo wọn á dúró ti tábìlì láti gbọ́ ìròyìn, tàbí eré bọ́ọ̀lù tí ẹni tó ń sọ ọ́ ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Òórùn òjé tó ń yọ́ lábẹ́ irin gbígbóná á gba gbogbo ilé. Rédíò mẹ́ta á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á máa kọrin, èkejì á máa wàásù, ẹ̀kẹta á máa polówó ọṣẹ, Ọ̀gá Rédíò á sì tẹ orí bọ àárín wọn, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Títí dòní, bí ilé bá dákẹ́ jù, ó máa ń ṣe é bíi pé nǹkan kan ti bàjẹ́.

Òfin kan wà tó jogún lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tí kì í bá ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Rédíò tí wọ́n bá gbé wá, á fi okùn so páálí pélébé kan mọ́ ọn lára, á kọ ẹni tó ni ín sí i àti ohun tó ń ṣe é. Páálí yìí kì í kúrò níbẹ̀ títí rédíò á fi sọ̀rọ̀ lójú olówó rẹ̀. Olówó rẹ̀ ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ yí bọ́tìnnì dé ibi tó fẹ́ràn, á tẹ́tí, á ní ó dáa. Ìgbà náà ni Ọ̀gá Rédíò á tó mú sísọ́ọ̀sì, á gé okùn. Kó tó dìgbà yẹn, bó pẹ́ bó yá, ohun olóhun ni. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń sọ pé, "Ohun tí wọ́n gbé wá fún ọ tún ṣe, alágbàtọ́ rẹ̀ lo jẹ́, o ò bí i."

Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró sójú kan. Fóònù dé, ó gbé rédíò mì. Àwọn tó ń gbé rédíò wá dín kù díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ti gbé e wá tẹ́lẹ̀ kò sì padà wá gbé e mọ́. Pẹpẹ kún láti ilẹ̀ dé àjà fún rédíò tí ẹnì kankan kò béèrè. Ojú Ọ̀gá Rédíò kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ti pẹ́ tó ti gba iṣẹ́ kẹ́yìn. Mítà nìkan ni kò tíì gbọ́. Lóṣooṣù ni ìwé iná ń dé pẹ̀lú "ṣọ́ọ̀bù" gàdàgbà lórí rẹ̀, owó tí àwọn ọmọ bá sì fi ránṣẹ́, iná ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kó tó kan oúnjẹ.

Ọmọbìnrin wọn àgbà ló wá là á mọ́lẹ̀. Ó ní òun kò lè máa fowó ránṣẹ́ sí mítà. Bí àwọn òbí òun kò bá rí ọ̀rọ̀ iná yìí yanjú, kí wọ́n kó ẹrù wọn, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ní ìlú tó jìnnà, lókè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́rin kan. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n àyà Ọ̀gá Rédíò já nígbà tó gbọ́. Inú ilé yìí ni wọ́n ti tọ́ gbogbo ọmọ wọn. Ara ògiri ilé ìdáná ni wọ́n ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí orí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ga dé lọ́dọọdún, ìlà náà sì wà níbẹ̀ dòní. Níbo lèèyàn á ti tún rí irú ògiri bẹ́ẹ̀ gbé?

"Bàbá àwọn ọmọ," ìyàwó rẹ̀ sọ fún un, "mítà yìí ò mọ̀ pé ẹ ti darúgbó o. A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn."

Wọ́n lọ. Ọ́fíìsì iná ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, àga onípákó tí Ọ̀gá Rédíò jókòó sí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ti di àga irin tó ń tutù ní ìdí. Wọ́n mú ìwé tí onílé fọwọ́ sí dání, èyí tó fi sọ pé ayálégbé òun ni wọ́n, pé òun kò lòdì sí kí wọ́n yí mítà padà sí ti ilé gbígbé. Akọ̀wé kà á, ó ní ìwé dáa, ṣùgbọ́n ẹnì kan máa wá fojú rí i pé ilé ni lóòótọ́.

"Bàbá, ta tiẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ná?" ló bi í.

Ìyàwó wo ọkọ. Ọkọ wo àjà.

Obìnrin tí wọ́n rán wá kò lè ju àbíkẹ́yìn wọn lọ lọ́jọ́ orí. Ó kí wọn dáadáa, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọ yàrá iwájú. Ó gbójú sókè, ó rí rédíò lórí rédíò, páálí ń fì lára gbogbo wọn.

"Bàbá, ṣọ́ọ̀bù mà rèé," ó ní.

"Mi ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọmọ mi. Mo ti jáwọ́ tipẹ́."

"Ta ló wá ni gbogbo ìwọ̀nyí?"

Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá Rédíò ṣe bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀. "Àwọn oníbàárà mi ni," ó ní.

Obìnrin ilé-iṣẹ́ iná náà mí kanlẹ̀. Ó ní kò sí bí òun ṣe fẹ́ kọ ọ́ tí àwọn ọ̀gá òun á gbà. Níwọ̀n ìgbà tí ohun tí wọ́n so páálí mọ́ bá ṣì wà nílẹ̀, iṣẹ́ ló wà nílẹ̀ yẹn, ṣọ́ọ̀bù kò sì tíì tì. Òun máa padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí òun bá tún bá ẹyọ kan ṣoṣo tó ní páálí lára, ṣọ́ọ̀bù lòun máa kọ, ó sì di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó lè tún béèrè. Gbogbo wọn nínú yàrá náà ló sì mọ̀ pé owó iná ṣọ́ọ̀bù kò ní jẹ́ kí wọ́n wà níbí di ọdún tó ń bọ̀.

"Ẹ ò bá kàn ti ní tiwa ni," ìyàwó rẹ̀ sọ nígbà tí àlejò lọ tán.

"Ohun tí kì í ṣe tiwa?"

"Tàbí kí ẹ já páálí wọn dànù."

"Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀?"

Obìnrin náà mọ̀ pé ògiri lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó wọ́ ọmọlanke àtijọ́ kan jáde, ó sì fi omi fọ táyà rẹ̀. "Bí ẹ ò bá lè sọ wọ́n di tiwa," ó ní, "ẹ dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n."

Bí Ọ̀gá Rédíò ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrìn nìyẹn. Láàárọ̀ á fi gíláàsì méjì lé ara wọn lójú, á tún díẹ̀ ṣe lára wọn. Tó bá di ọ̀sán, á tò wọ́n sínú ọmọlanke, á máa tì wọ́n lọ. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó síwájú ilé rẹ̀ nígbà tó rí i tó ń bọ̀. Kò dìde.

"Ọjọ́bọ̀ lo ní kí n wá gbà á," tíṣà sọ.

"Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò bínú. O ò kúkú sọ Ọjọ́bọ̀ wo."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la lóòótọ́, pàápàá lẹ́nu ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Ní ilé kejì, obìnrin kan lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò gbé rédíò fún ẹnikẹ́ni rí láyé òun. Ọ̀gá Rédíò kò bá a jiyàn, ó kàn tan rédíò náà sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi jáde, tó gbé e mọ́ àyà, tó ní ìyá òun ló ni ín. Ní ilé onígbàjámọ̀, ọmọ rẹ̀ ló jáde. Bàbá ti kú. Ọ̀gá Rédíò dúró, kò mọ ohun tí òfin wí nípa olówó tí kò sí mọ́. Ọmọ gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra yí bọ́tìnnì títí tó fi kan ibi kan. "Ibí yìí ni bàbá mi máa ń fi sí," ó ní. Ọ̀gá Rédíò gé okùn. Ọmọlanke fúyẹ́ nígbà tó ń padà sílé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò fúyẹ́.

Nígbà tó yá, pẹpẹ ṣófo. Ó ku ẹyọ kan lókè pátápátá, rédíò kékeré aláwọ̀ ewé tí igun rẹ̀ kan sán. Páálí ara rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé rẹ̀ ṣì hàn kedere: "Ọmọge ilé alágbàfọ̀. Ó ṣubú. Kò sọ̀rọ̀."

Ọmọge náà wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́.

Nígbà náà lọ́hùn-ún, ilé alágbàfọ̀ kan wà ní kọ̀rọ̀ òpópó náà. Ibẹ̀ ló ti ń lọ aṣọ, rédíò yìí á sì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí ọjọ́ kan tí ìgúnpá rẹ̀ gbá a bọ́ sílẹ̀. Ó gbé e wá. Ọ̀gá Rédíò tún un ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, nítorí ohun tó ṣe é kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tó rò ó pé ọmọge náà máa gbé e lọ, tí kò sì ní í ní ìdí kankan láti padà wá mọ́, ó tú wáyà kan nínú rẹ̀. "Kò tíì ṣe," ló sọ fún un. "Padà wá lọ́la." Ọmọge náà padà wá, òun àti òórùn ọṣẹ àti aṣọ gbígbóná tó máa ń tẹ̀ lé e. Lójoojúmọ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú, á ní, "Ọ̀gá, ṣé rédíò mi ti ṣe?" Lójoojúmọ́ náà, ọ̀la ni ìdáhùn. Má rò pé wọ́n tàn án. Kò pẹ́ rárá tó fi mọ̀, ó kàn ń bọ̀ ni.

Wọ́n fẹ́ra wọn, rédíò ṣì wà lórí pẹpẹ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jà tó le, obìnrin náà di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó dúró sí àárín ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ tún rédíò mi ṣe, kí n gbé e, kí n máa lọ." Ọ̀gá Rédíò wò ó títí. Ó ní, "Kò tíì ṣe. Padà wá lọ́la." Ẹkún àti ẹ̀rín gbà á lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gbé báàgì sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Rédíò ti pinnu pé wáyà yẹn kò ní padà sí àyè rẹ̀ láéláé. Àwọn aládùúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ẹ wo rédíò ìyàwó rẹ̀ bí kò ṣe sọ̀rọ̀. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀bẹ náà ni kò fẹ́ gbẹ́ ẹ.

Obìnrin ilé-iṣẹ́ iná padà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó bá àga ìrọ̀gbọ̀kú nínú yàrá iwájú, ó bá aṣọ fèrèsé tuntun, ó sì bá pẹpẹ òfìfo. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbójú sókè.

"Bàbá, èyí ńkọ́?"

"Ti ìyàwó mi nìyẹn."

Ó nawọ́ gbé e, ó ka páálí. "Ọmọge ilé alágbàfọ̀ ni wọ́n kọ síbí, sà."

"Èmi ni," ìyàwó Ọ̀gá Rédíò sọ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀.

Obìnrin náà wo ìyá arúgbó, ó wo páálí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n páálí ni páálí, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ kàn já a, kí n lè kọ ohun tí mo fẹ́ kọ fún yín."

Ọ̀gá Rédíò na ọwọ́ sí okùn. Ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀. Nínú gbogbo rédíò tó ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò sí ọ̀kan tó já páálí rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ṣé ti ìyàwó rẹ̀ ló wá fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀? Bó bá sì wá tún un ṣe ńkọ́? Ó mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni. Obìnrin tó ti bí gbogbo ọmọ fún un, tó ti bá a la òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, ibo ló tún fẹ́ lọ lọ́jọ́ ogbó? Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà á, irú ẹ̀rù tó bà á nígbà tó kọ́kọ́ tú wáyà yẹn.

Ìyàwó rẹ̀ rí i lójú rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sí ìta, ó yíjú padà, ó fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ọ̀gá," ó ní, "ṣé rédíò mi ti ṣe?"

Obìnrin ilé-iṣẹ́ iná gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá Rédíò fa àga kan jáde.

"Wọlé, kí o jókòó," ó ní. "Á ṣe lónìí."

Ó ki irin bọ iná. Ó tú ẹ̀yìn rédíò náà, ó sì bá wáyà níbi tó tú u sí, eruku ti bò ó mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n jù, irin kò bá ibi tó yẹ kó bá. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, bí wọ́n ṣe jọ yọ́ òjé náà nìyẹn. Òórùn rẹ̀ gba yàrá. Ìyàwó rẹ̀ fà á símú, ó dijú, kò sì tètè la ojú náà. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ṣe tán. Iṣẹ́ tí kò pẹ́ ni Ọ̀gá Rédíò ti fi gbogbo ayé wọn sún síwájú.

Rédíò hó ṣaaṣaa, ó dákẹ́, ó tún hó, ohùn ọkùnrin kan sì jáde tó ń sọ pé òjò lè rọ̀ lọ́sàn-án. Ìyàwó yí bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ títí orin fi dé. Ó tẹ́tí. "Ó dáa," ó ní. Ọ̀gá Rédíò mú sísọ́ọ̀sì, ó gé okùn. Ìyàwó rẹ̀ ká páálí, ó tì í bọ àyà aṣọ rẹ̀, ó gbé rédíò.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ó ní. Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde bí gbogbo oníbàárà ṣe ń jáde.

Obìnrin ilé-iṣẹ́ iná kọ "ilé gbígbé" sílẹ̀, ó fi ibi tí bàbá máa fọwọ́ sí hàn án. Ọ̀gá Rédíò fọwọ́ sí i láìwò ó. Títì ló ń wò. Ìyá arúgbó náà gbé rédíò sétí, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́nà ilé alágbàfọ̀, bí ẹni pé ilé alágbàfọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó dé kọ̀rọ̀, ó yà, ó sì gbé orin náà lọ. Obìnrin ilé-iṣẹ́ iná dágbére, ó wọ bàtà rẹ̀, òun náà lọ.

Yàrá iwájú dákẹ́. Kò sí páálí mọ́, kò sí rédíò, pẹpẹ kò ní nǹkan kan lórí bí kò ṣe àmì eruku níbi tí ohun olóhun wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá Rédíò jókòó sínú àga tuntun. Wọn kò ní kó kúrò nílé yìí mọ́, ó sì yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló ń wò, etí rẹ̀ sì ń wá ohun tí kò gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ké kíín, orin sì bẹ̀rẹ̀ nílé ìdáná.

"Bàbá àwọn ọmọ," ohùn ìyàwó rẹ̀ dún láti ibẹ̀, "ẹ máa bọ̀ o, ìròyìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀gá Rédíò dìde, ó ti ilẹ̀kùn iwájú, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì gba inú ilé lọ bá a.